Ẹ̀wù Ọmọ Mi Wà ní Saint Paul

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lérò pé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, tí oòrùn Fresno sì ń ṣe yín lóore. Ara èmi, Tou ọkọ mi àti Sheng ọmọ wa tuntun le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ lóṣù yìí.

Ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Saint Paul níbí ń ṣe ìwé kan tí àwa tí a ṣí wá fi ọwọ́ ara wa kọ, nípa ẹni tí ará Amẹ́ríkà jẹ́ lóde òní. Mo kọ bí Tou ṣe fọ́ sìmẹ́ǹtì yàrá abẹ́ ilé, ní ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì wa, tó sì sin ẹ̀wù Sheng síbẹ̀.

Ìyáàfin Lindquist tó ń tún ìwé náà ṣe pè mí: "Kazoua, ẹ̀wù ọmọ tuntun lẹ rì mọ́lẹ̀, nínú òtútù Minnesota yìí? Kí wá ni ọmọ wọ̀?" Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ibi ọmọ là ń pè ní ẹ̀wù lédè wa, ojú tì í. Ó ní kí n kọ "ibi ọmọ" bíi dókítà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtàn mi lè máà wọ ìwé. Tou ní, "Kọ ohun tí wọ́n fẹ́ jàre." Ẹ̀wù ni ẹ̀mí ń padà wá gbé wọ̀ lọ́jọ́ ikú. Ta ló ń padà wá wọ ibi?

Lọ́jọ́ Sátidé tí a kà á fún gbogbo èèyàn, mo ka "ẹ̀wù". Bàbá Halvorsen, arúgbó kan, pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọmọ yìí, kí ló dé tẹ́ ò gbé e lọ sílùú yín?"

Mo ní, "Bàbá, ìlú wa wo? Tèmi wà lábẹ́ àgọ́ àwọn tó sá fógun, tí wọ́n ti wó, ní Táílándì. Ti ọmọ mi ò ju àtẹ̀gùn mẹ́tàlá lọ sí ìsàlẹ̀ ilé wa."

Hodan, ọ̀rẹ́ mi ará Sòmálíà, ní, "Bàbá, tiyín ńkọ́?" Arúgbó náà họ orí. Ó ní abẹ́ igi ápù ni ìyá àgbà òun sin tòun sí, òun ò sì sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí. Ìyáàfin Lindquist pa ìlà pupa tó ti fà sórí "ẹ̀wù" rẹ́.

Ìyá mi, ẹni tó bá bi Sheng pé níbo ló ti wá, ilẹ̀ ti bá a dáhùn.

Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ yín, kí ẹ̀mí yín má ṣe rìn jìnnà sí ara yín.

Èmi ni ọmọ tí ẹ bí sí àgọ́,
Kazoua.

Mo gbàgbé: ìwé náà ti jáde, wọ́n sì to àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì àti ìtumọ̀ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Mo wá "ẹ̀wù" níbẹ̀ títí, n kò rí i; wọn ò kà á sí àjèjì.