Ẹnu Mi Gbẹ Lọ́jọ́ Àyẹ̀wò

                                        Ilé kẹrìnlá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà nílé? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, ṣé o ti ń lè gun àtẹ̀gùn? Fọkàn balẹ̀ ka lẹ́tà yìí: àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n, tó pa bàbá wa, kò sí lára mi.

Láti ọdún tó kọjá, bí ife tíì bá ti mì lọ́wọ́ mi báyìí, ayé ti parí lójú mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa obìnrin tó lóyún ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí bó bá wà lára mi, ó lè ti dé ara òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí wọ́n yẹ DNA mi wò.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú ni wọ́n fi ránṣẹ́, pé kí n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀rù ti mú gbogbo itọ́ ẹnu mi gbẹ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ẹ mú un wá jàre," ló bá fi itọ́ tirẹ̀ rin ín kó tó dá a padà fún mi. A rò pé a gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò pè mí. Ó ní lẹ́tà mẹ́ta kan wà nínú DNA tó máa ń tún ara rẹ̀ sọ, pé ẹ̀rọ wọn á ṣe ẹ̀dà ibẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ kí wọ́n tó lè ka iye ìgbà tó tún ara rẹ̀ sọ. Iye méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Mẹ́rin ló jáde nínú tèmi. Àbúrò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀! Mo ní ti bàbá wa ti di ìlọ́po méjì lára mi. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ta lẹ jọ lo igi yìí?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò náà kí wọ́n tún un ṣe. Àná ni èsì dé: mẹ́tàdínlógún àti mọ́kàndínlógún. Ogójì sókè ni ti aláìsàn. Mo ní kí obìnrin náà tún un kà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ wa ní, "Bàbá, DNA yín kọ́ ló ń tún ọ̀rọ̀ sọ jù, ẹ̀yin gan-an ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun kan ló ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n ní èsì tèmi kò lè sọ tìrẹ, kálukú ló jogún tirẹ̀. Mo fi igi olówùú kan sínú àpòòwé yìí. Ìwọ lo máa pinnu, mi ò ní fipá mú ẹ. Bá mi kí ìyàwó rẹ gan-an ni, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ife tíì rẹ̀ kò mì mọ́ láti àná,
Bọ̀dá Àníyàn.