Ẹrù Gbohùngbohùn Tí Mo Pín Fún Ará Ilé

Pobè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, 1967

Eustache Àkànjí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnu níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ́hùn-ún. Òkun tó wà lẹ́yìn ilé yín kò ní mọ orúkọ rẹ. Àmín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń sàn, òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú, wọ́n sì ti gbà mí pa dà síbi iṣẹ́ oko ọ̀pẹ ìjọba, ní apá ibi tí wọ́n ti ń ka èso igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀pẹ ń sá lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyí kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ Alphonse Ògúnṣínà ni. O mọ̀ ọ́n dáadáa, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí a jọ ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ kan náà nígbà tí ìjọ wa dé ìhín láti Àjàṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dá orin nínú ìjọ yìí, tí Alphonse ń bá mi gbè é, ohùn rẹ̀ sì nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Ní oṣù kẹjọ, ọmọ rẹ̀ Mathias tó wà ní Lomé wálé pẹ̀lú àpótí kan, ó jókòó síta gbangba fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ó ń yọ́ irin, ó ń lẹ irin mọ́ irin, nígbà tí yóò fi ṣe tán, gbohùngbohùn ni. Bàtìrì ọkọ̀ ló ń fún un lágbára. Láti ọjọ́ náà Alphonse kàn ń mí sínú rẹ̀ ni, wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́jà. Àwọn àgbà ìjọ wá pinnu pé lọ́jọ́ ìkórè, ní ìparí oṣù kọkànlá, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dé títì ni yóò dá orin. Ohùn tí Ọlọ́run fún mi dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, ó dé ìdí igi máńgòrò, kò dé títì. Mo jowú, Àkànjí. Mi ò ní purọ́ fún ọmọ mi. Mo jowú débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́, ìyá rẹ sì rò pé ibà ni, ó fún mi ní àgbo mu fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ pé kí o wá tèmi fún mi. Ìwé ìròyìn aláwòrán tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ dé, èyí tí àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn gbohùngbohùn ń kà. Mo wò ó láti ẹ̀yìn dé iwájú. Mo rí òyìnbó kan tó jókòó sáàárín àpótí ńlá méjì, ó dijú, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ní kí ìyá rẹ fi í sínú àdúrà. Mo rí àwòrán mìíràn tó kún fún ìlà tóóró-tóóró àti òǹkà, èyí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwòrán ilẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ gbé wá nígbà ìjà ààlà oko wa ní Yoko. Mo wá oko wa títí nínú rẹ̀, mi ò rí i, ó sì dùn mí.

Màdáàmù Edwige olùkọ́ ló bá mi ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ tó dára kì í bù kún ohùn, kì í sì í yọ nínú rẹ̀, bó bá ṣe wọlé ló ń jáde. Inú mi dùn gan-an, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ Alphonse kò dára, ohùn rẹ̀ ń sunwọ̀n sí i bó bá jáde. Ó tún ka lẹ́tà tí òyìnbó kan kọ sínú ìwé náà, pé aládùúgbò òun ra ẹ̀rọ tó ju ti òun lọ, láti ìgbà náà òun kò rí oorun sùn. Mo ní kí ó tún un kà. Mo ti rò pé Pobè níbí nìkan ni irú rẹ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni onímọ́tò gbé àpótí rẹ dé. Ó ní o kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo tú u lójú gbogbo ilé. Ẹ̀rọ dídán inú ìwé ni mò ń wá, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni àpò pépà kéékèèké, nǹkan wínníwínní tí wọ́n fi pupa àti àwọ̀ ewé yí lára, fìlà onírin tín-ín-tín-ín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, wáyà funfun rírọ̀ tí wọ́n ká jọ, agolo kékeré onírù méjì, àti irin kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo ní háà, ọmọ mi gbọ́n, ó mọ̀ pé ilé wa kún, ó fi ti olúkálùkù ránṣẹ́. O sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílé yìí bí ẹrù bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ dé. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo bá pín in.

Orí àgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi àwọn aláwọ̀ mèremère ránṣẹ́ sí Ìyá Èjìdé, àbúrò bàbá mi ní Sakété, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni mo pè wọ́n. Rébecca ẹ̀gbọ́n rẹ gba fìlà onírin mẹ́fà. Ìyá rẹ gba wáyà funfun, ó fi so ìkòkò kọ́ sókè ààrò, wáyà yọ́ bí òrí, ìkòkò já lulẹ̀. Èmi mú irin tó wúwo, òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Agolo kékeré tó kù, mo fọ̀ ọ́, mo fi ewé dì í, mo fi ránṣẹ́ sí Alphonse, kí ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló bímọ.

Ọjọ́ kẹrin ni onímọ́tò tún dé, ó ní lẹ́tà rẹ ti wà nínú ṣòkòtò òun kejì. O ní kí n má tú àpótí náà rárá, pé wínníwínní ni wọ́n ń tà á láti ilẹ̀ Faransé, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá tò ó. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀. Ta ló ń ra nǹkan tí wọn ò tíì ṣe? Bí mo bá sanwó ọkọ́, alágbẹ̀dẹ kì í kó èédú àti irin fún mi pé kí n máa lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á pa dà. Ti Rébecca pé. Ti ìyá rẹ ti bá eérú lọ. Mo wọ mọ́tò lọ sí Sakété, Ìyá Èjìdé ti sín tirẹ̀ sọ́rùn, ó ní láti ìgbà tí òun ti wọ̀ ọ́ ni èjìká kò ti ro òun mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ dúró dìgbà tí òun bá kú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó já ìdajì fún mi.

Ti Alphonse ló burú jù. Nígbà tí àpótí rẹ dé, ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́. Mo gbọ́, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń tún iná ṣe ní oko ọ̀pẹ ti sọ fún un pé agolo kékeré kan ló bẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Pobè. Àfi bí tèmi ṣe wọlé tọ̀ ọ́ nínú ewé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Alphonse dìde nínú ìjọ, ó gbé ẹnu sí i, ó ní: “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Fádèyí, òun ló jí ẹ̀rọ mi dìde.” Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, Alphonse ló tẹ ilẹ̀ tútù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba nǹkan tí wọ́n ti dúpẹ́ rẹ̀ dé títì pa dà?

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí mi ò lè sọ fún ìyá rẹ. Ariwo ẹ̀rọ náà kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́fà tí Mathias fi jókòó síta ni. Á pe bàbá rẹ̀ pé Bàbá, ẹ bá mi di èyí mú, Alphonse á dì í mú, àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ọkọ́ kọjá níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ tí mi ò ní iṣẹ́ kankan lóko. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Ohun tí mò ń jowú nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti orin, kí Alphonse dá a lọ́dún yìí, èmi á gbè é.

Jọ̀wọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fáráǹ ránṣẹ́, fún aṣọ funfun mi tó ti ya lẹ́yìn, fún oògùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ, fún epo fìtílà, àti fún ìlẹ̀kẹ̀ gidi tí mo lè fi rọ́pò ti ọrùn Ìyá Èjìdé. Ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó nǹkan méjì, má fi ránṣẹ́, fi wọ mọ́tò wá.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iná iṣẹ́ rẹ kò ní jó ọ lọ́wọ́. Ohun tí o bá tò kò ní tú. Ọmọ tí ìwọ náà yóò bí kò ní jìnnà sí ọ. Àmín.

Mo ti ń di ìṣó mú sójú kan láràárọ̀, láti fi kọ́ ọwọ́ mi de ọjọ́ tí o bá ní kí n bá ọ di nǹkan mú. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Basile Fádèyí