Ẹnu Ọ̀nà Iwájú Ni Roscoe Gbà Jáde

                                        Ilé Ìsìnkú Pruitt,
                                        214, Òpópónà Vine,
                                        Port Dunmore, Ohio.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Vernell,

Báwo ni orúnkún rẹ? Ṣé o ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì, àbí Clifton ṣì ń gbé ọ jẹ́jẹ́ bí ẹyin? Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ sì kú ìfaradà òjò Tacoma tí kì í dá. Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí wọ́n ní ó gbé imú Bàbá wa wáyé? Ara tèmi le, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti di àlejò tí kì í lọ, mo sì ń lo oògùn mi kí o má bàa bá mi jà. Mo dúpẹ́ òdòdó tí o fi ránṣẹ́ nígbà ìsìnkú Díákónì Roscoe Tolliver. Orí pósí gan-an ni Earline, ìyàwó rẹ̀, ní kí n gbé e lé.

O ní kí n sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ fún ọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀, inú sì ń bí mi débi pé mo fà á ya. Nísinsìnyí ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tíì rọlẹ̀ tán.

O rántí pé mo sọ fún ọ nígbà Àjíǹde pé wọ́n fẹ́ sọ àárín ìgboro wa di àdúgbò fàájì. Pápá bésíbọ́ọ̀lù tuntun ti wà lẹ́bàá odò. Wọ́n ti tún Tíátà Bellwood kùn, tíátà tí Màmá wa ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ wọ̀ láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà iwájú rẹ̀. Ilé ọtí àti ilé orin ti kún Vine láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilé ìsìnkú tí Bàbá wa dá sílẹ̀ sì wà láàárín wọn bí àgbàlagbà tó jókòó sí àárín agbo ijó.

Wọ́n yàn mí sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ibi ìgbọ́kọ̀sí àti bí èrò yóò ṣe máa wọlé jáde. Èmi nìkan ni dúdú níbẹ̀, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi pè mí: fọ́tò ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dára nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Lindqvist ló ya ètò náà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọṣẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù yóò gbé ọkọ̀ wọn sí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́rin lẹ́yìn ilé ẹjọ́, bọ́ọ̀sì kékeré yóò sì máa kó wọn wá. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè ní ibi tí wọn yóò ti máa dúró. Àwọn tí kò lè rìn ní àyè tiwọn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní tiwọn, ọkọ̀ tó ń já bíà pàápàá ní wákàtí tirẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mọ́tò kankan kò ní gba Vine kọjá, kí àwọn èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn fàlàlà, kí awakọ̀ tó ti mutí má bàa pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la mi orí sí i. Ìgbà tí mo wo àwòrán náà tán ni mo bi í pé òkú mi ńkọ́.

"Òkú wo, mà?"

"Sátidé la máa ń sin èèyàn ní Port Dunmore yìí, ọmọ mi. Níbo ni ọkọ̀ agbókùú á dúró sí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, mo ti ro tiyín mọ́ ọn. Ẹ wo ọ̀nà ẹ̀yìn yìí. Ó gbòòrò, kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó máa rí yín."

Nell, kò sẹ́ni tó máa rí wa! Inú rere ló fi sọ ọ́ o. Ọ̀nà ẹ̀yìn tó ń wí yìí ni àwọn ilé ọtí ń to àpótí ìdọ̀tí wọn sí, tí omi ẹja ń ṣàn lójú ọ̀dà. Mo bá ka òfin Bàbá wa fún un: pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn wa máa gbà wọ ilé oúnjẹ, ilé ìwòsàn àti ilé tíátà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, nítorí náà, ẹni tó bá kú tó sì dé ọwọ́ Pruitt, ẹnu ọ̀nà iwájú ni yóò gbà jáde, lójú gbogbo ayé. Etí Lindqvist pọ́n bí ata. Ọ̀gbẹ́ni Haverty, alága wa, tí ilé ọtí méjì ní Vine jẹ́ tirẹ̀, ní a ó wò ó tó bá yá. "A ó wò ó" yẹn ni mo gbọ́ títí mo fi darúgbó.

Sátidé tí wọ́n mú láti dán ètò náà wò ni ìsìnkú Roscoe bọ́ sí. Ìwọ náà mọ̀ pé bọ́ọ̀sì onínọ́mbà mẹ́jọ ni Roscoe ń wà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú títí ó fi fẹ̀yìn tì, Vine ló sì ń gbà lójoojúmọ́, kí wọ́n tó yí bọ́ọ̀sì náà gba ibòmíràn nítorí fàájì yìí. Mo bẹ Haverty pé kó ṣí ìdènà irin fún wa fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ó ní ìdánwò ni ìdánwò, pé bí òun bá ṣí i fún ẹnìkan, òun á ṣí i fún gbogbo ayé. Mo bá lọ bá Earline. N kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo ní ká yí ọjọ́ padà, tàbí ká gba ẹ̀yìn, tàbí kí àwọn ọkùnrin gbé pósí lé èjìká láti ẹnu ọ̀nà wa dé òpópónà Kẹta, kí ọkọ̀ agbókùú dúró dè wá lẹ́yìn ìdènà.

"Sístà Dessa," ó ní, "ọ̀nà tí ọkọ mi fi gbogbo ayé ẹ̀ wakọ̀ gbà ni wọ́n ní kó má gbà mọ́? Ẹ gbé e. Tó bá wúwo, oúnjẹ mi ló jẹ."

Mẹ́fà nínú àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e. Yunifọ́ọ̀mù wọn àtijọ́ ni wọ́n wọ̀, òmíràn kò tiẹ̀ ṣe é dé bọ́tìnnì níkùn mọ́. Àwọn ìyá ìjọ tẹ̀lé wọn nínú aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, òpópónà ti kún fọ́fọ́: aṣọ pupa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ife bíà lọ́wọ́, àwọn ọmọdé tí wọ́n kun ojú. Àwọn onífèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ ni, ọkùnrin kan tó ń rìn lórí igi gíga méjì sì ń jó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n yà sọ́tùn-ún yà sósì. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún òkú.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa á fún. Nígbà tí a fi dé iwájú Bellwood, ó ti ń le sí i, fóònù ti wà lókè lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ létí mi pé, "Wo bí wọ́n ṣe fajú ro! Àwọn yìí mọ̀ ọ́n ṣe o, jàre." Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: mo rí ọkùnrin kan tó fi dọ́là kan sínú fìlà tí àgbà ìjọ kan ṣí lórí tó gbá mọ́yà. Bàbá yẹn wo owó, ó wò mí. Wọ́n rò pé eré ọjọ́ yẹn ni wá. Wọ́n rò pé pósí òfìfo la gbé!

Ojú mi ṣú. Mo ti yà kúrò lórí ìlà, mo ti la ẹnu láti sọ irú ọ̀rọ̀ tí Màmá wa ì bá fi ọṣẹ fọ̀ kúrò lẹ́nu mi, ni Earline bá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀, Dessa. Gbogbo bí Roscoe ṣe ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbé wọn padà wálé, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un rí. Jẹ́ kí wọ́n pa á."

Ó gbórí sókè, ó ń rìn lọ. Èmi tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí n má sunkún, mo sunkún títí dé òpópónà Kẹta. Lindqvist wà lẹ́nu ìdènà níbẹ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni a ṣèpàdé láti fọwọ́ sí ètò náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Inú Haverty ń dùn ṣìnkìn. Ó ní mọ́tò kò dí, èrò kò tẹ ara wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ìrìn àwọn aláṣọ funfun yẹn ló dùn mọ́ àwọn jù. Ó wá yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òun ti tún èrò pa, ó ní, wọn yóò máa ṣí Vine fún ọkọ̀ wa ní gbogbo Sátidé.

"Ẹ ṣáà máa jẹ́ ká mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa jáde, Ìyáàfin Pruitt, ká lè máa fi sínú ìwé ètò ọjọ́ náà. Ẹ má sì gbàgbé aṣọ funfun yẹn o."

Lindqvist ní, "Alága, òkú gidi ni wọ́n gbé o."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára."

Nell, ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbé síwájú mi yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni lásán ni kí n sọ, ọkọ̀ agbókùú á dúró níwájú ilé Bàbá wa, a kò sì ní máa fi ẹrù wúwo lé èjìká àwọn arúgbó. Mo ro ó. N kò fẹ́ kí o rò pé n kò ro ó. Mo wá dìde, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Haverty, òkú wa kì í ṣe eré."

"Ó dáa náà, mà. Ọ̀nà ẹ̀yìn wà níbẹ̀."

Wọ́n nawọ́ sókè. Ọwọ́ tèmi nìkan ló wà nílẹ̀. Lindqvist kò ní ìbò. Ó ká àwọn àwòrán rẹ̀ jọ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Fúnra mi ni mo fi ẹnu mi ti ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe ẹlòmíràn. Látòní lọ, bí Sátidé bá dé, ẹ̀yìn ni tàbí èjìká.

Mo lọ sọ fún Earline, ẹ̀rù sì ń bà mí pé á ní mo ti ba ohun tí ọkọ òun rìn fún jẹ́. Nígbà tó gbọ́ ti ìwé ètò, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Roscoe ti kú. "Sọ fún un pé Roscoe ò ní ṣeré lẹ́ẹ̀kejì o," ó ní. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ Dessa, ta ló máa wá gbé àwa?"

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti tú ká lọ Columbus àti Atlanta, àwọn tó gbé Roscoe kò sì lè gbé ẹlòmíràn mọ́.

Bá mi kí Clifton, kí o sì sọ fún un pé kó dín iyọ̀ kù. Kí àwọn ọmọ, kí ìyá ọkọ rẹ, fẹnu ko ọmọ-ọmọ onímú Bàbá wa lẹ́nu fún mi. Nítorí ìbéèrè Earline ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí. Èmi ni àgbà, ìwọ ni àbúrò. Bó bá ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe, ìwọ ni wọn yóò pè nígbà tí ọjọ́ mi bá pé. Kó àwọn ọmọ rẹ ọkùnrin wá, àwọn tí èjìká wọn le. Má yẹ ọjọ́ náà kúrò ní Sátidé nítorí wọn. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á, ẹ má wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbé mi gbà, Vernell. Mo bẹ̀ ọ́.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
                                        Odessa.