Irin Oníhò Tí Mo Jó Sọ́kọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà ìjà inú odò, tí àwa àti àwọn aládùúgbò wa ń bá ara wa jà, ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, ìyàwó mi gan-an ò mọ̀ ọ́n... Admin, ẹ bò mí láṣìírí.

Wẹ́dà ni mí, ní Awóyè. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ èrò nígbà náà. Ṣáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ nínú omi, ti jẹ, ó ní kí n jó irin lé e, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi nípọn padà. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa ni, àmọ́ kò sóhun tí kì í rin létí òkun wa, orí ààrò tí ìyá mi fi ń yan ẹja ni mo máa ń kó ẹlẹ́tíróòdù, igi irin tí a fi ń jó o, sí kó lè gbẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn àwọn obìnrin ti sá fún ìjà lọ Igbókọ̀dá, ààrò tutù, ẹlẹ́tíróòdù rin, èrò sì ti dúró tẹrù-tẹrù létí omi, wọ́n ń pariwo pé kí n ṣe kíá. Mo jó o bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tutù, ihò wínníwínní ni mo rí lára rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n gé irú ẹ̀ kúrò, kí n tún un bẹ̀rẹ̀, torí ihò tí a bá bò mọ́nú, ibẹ̀ ni irin yóò ti dá. Mo mọ̀ ọ́n o! Mo jó òmíràn bò ó, mo fi fáìlì ha á, ó ń dán, mo ní ó ti yá.

Àárín odò ni ṣáàfù náà ti dá. Omi gbé wọn padà lọ bá àwọn tí wọ́n ń sá fún, ìbọn dún, èrò bẹ́ sómi, ìyá àgbà kan ò jáde mọ́... Ọmọ àwọn tí à ń bá jà sì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí, ni ìlú bá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ni, ó tà wọ́n fáwọn àna rẹ̀. Wọ́n lé e. Araromi ló wà títí dòní, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyàwó mi ń sunkún rẹ̀, èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Irú èèyàn wo ni mí gan-an?

Ẹ̀gbọ́n náà ti darúgbó báyìí, ó ń ṣàìsàn, ó fẹ́ wá kú sílé. Àwọn àgbà yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lọ kí i lánàá. Ó ní wọ́n ránṣẹ́ wá bi òun pé ta ló tún ṣáàfù náà ṣe, òun sì ní òun ò rántí mọ́. Ó wá wojú mi... ó ní lọ́jọ́ yẹn òun rí àwọn ihò náà lójú ibi tó ti dá, òun ju ìyókù sódò, kí ilé àbúrò òun má bàa tú.

Ó ti mọ̀ látọjọ́ náà! Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má sọ o. Tí mo bá sọ, ìyàwó mi lè kó jáde, ẹbí ìyá àgbà yẹn á dojú kọ mí. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ ọ̀dàlẹ̀ ni yóò bá a wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni? Kí ni kí n ṣe?