Àwòrán Inú Òkun Tí Mo Gbé Lọ Bá Nọ́ọ̀sì

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọ kiri, mo kí ọ̀gá rẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí ara rẹ le bí tèmi ṣe le, yàtọ̀ sí orúnkún ọ̀tún. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òkun mọ orúkọ rẹ.

Bàbá rẹ wà dáadáa. Ààrò búrẹ́dì wa tó sán ti dára. Bíríkìlà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ fún mi pé ọ̀la, ọ̀la, ni mo bá gbé àga síwájú rẹ̀, mo jókòó tì í, ó sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Ẹ̀kọ́ òwò olóṣù mẹ́fà tí mo kọ́ kò lọ lásán.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bí mo ṣe rí i, dúdú àti funfun, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń wọ́ bí ejò, nọ́ńbà létí rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n: wọ́n ti ya fọ́tò inú rẹ, o lóyún. Mo ní kí onífọ́tò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó ní òun ò rí orí, òun ò rí ẹsẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀ wò ó, ọmọ ilé wa kì í yára yọjú. Ó bi mí pé ta ni ọkọ. Mo ní ẹ̀ka mìíràn ló ń bójú tó ìyẹn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kó àpò ìyẹ̀fun mọ́kànlá kúrò nínú yàrá rẹ, wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń kan bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, àwọn tó ń sọ kiri pé orí omi lo máa gbó sí. Wọ́n dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Láti ìgbà náà, wọ́n ti hun fìlà ọmọdé mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta ni bàbá rẹ ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé àwòrán náà, tí èmi ò kà torí pé ó gùn. Wọ́n ní omi ni. Wọ́n ní ìgbì kan wà lábẹ́ òkun tó ga tó ilé alájà ogún, tí ojú omi á sì pa rọ́rọ́ lókè bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọkọ̀ yín á wọ́ okùn gígùn tó ní etí lára, ẹ ó ju ariwo sísàlẹ̀, á kan ibi tí omi tútù àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti pàdé, á padà sókè, ìpadàbọ̀ rẹ̀ lẹ fi ń ya àwòrán.

Mo rò ó bí oníṣòwò. Ta ló ní kí ẹ wá ìgbì náà? Ọjọ́ wo lẹ máa gbé e fún un? O ní ọdún kẹrin rèé, ó ku díẹ̀. Bíríkìlà náà sọ bẹ́ẹ̀. Tí etí yín bá sì mú tó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju ariwo kan sí ọ́fíìsì káńsù. Lẹ́tà mẹ́sàn-án la ti kọ lórí afárá tó já, ọ̀kankan ò padà sókè. Bàbá rẹ gbèjà rẹ, wọ́n ní ìgbì náà ló ń ru oúnjẹ sókè fún ẹja. Mo ní ó dáa, ọmọ wa ń ṣètò oúnjẹ ẹja, ó sì di ọdún mẹ́ta tó ti jẹun nílé gbẹ̀yìn. Wọ́n wábi gbà.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: n ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé omi ni. Fìlà kẹrin ti dé ìdajì. Ìwọ ni kó wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Bí o bá ní ọkọ, mú un wá. Bí o ò ní, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bínú sí omi o. Ohun tó dùn mí ni pé àwòrán rẹ ti wálé, ìwọ ò tíì wá.

Fi owó ọ̀dà àti owó pákó rán awakọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun wá fún wa láti èbúté. Má fi í sí báǹkì. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n kọ orúkọ ìdílé ìyá mi kí òun tó fún mi lówó ara mi, mo bi í pé kí ló fẹ́ bá olóògbé sọ. Mo ti ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà tú bẹ́ẹ̀dì kékeré náà, kó fi pákó kún un, kó kan èyí tó gùn tó ọ. Ó ní òun fẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, mo fún un ní mẹ́ta. Ìwọ, mo fún ọ ní oṣù kan. Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà lábẹ́ omi láìju ariwo sí i á sìn ọ́ délé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.