Olóògbé Kusakabe Tokuji àti Ìjà Kan Tí Wọn Kò Lè Wọn Ìgbóná Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 1938 ni wọ́n bí bàbá wa, Kusakabe Tokuji, ní ìlú Kawaguchi, nínú yàrá tó wà lókè ibi ìdáná Kamenoyu, ilé ìwẹ̀ tí ará ìlú ti ń sanwó wẹ̀. Kusakabe Eikichi, ọmọ Denzo tó dá ilé ìwẹ̀ náà sílẹ̀, ni bàbá wọn. Ine, ọmọ apẹja láti Choshi, ni ìyá wọn. Ìyá àgbà sọ fún wa pé omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ fún ọmọ náà gbóná jù, àmọ́ ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn fajú ro. Láti ọjọ́ náà ni olóògbé ti ń ṣe àríwísí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944. Ogun dí wọn lọ́wọ́, ebi náà kò sì jẹ́ kí ìwé wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún 1953. Èsì ìdánwò wọn wà lọ́wọ́ wa. A kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ní ọdún 1954, wọ́n gbé tẹlifíṣàn kan sórí òpó níwájú ibùdókọ̀ ojú irin kí gbogbo ìlú lè wo ìjàkadì. Bàbá àgbà Eikichi rán olóògbé pé kí wọ́n lọ ra ọṣẹ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ni wọ́n padà wálé láìmú ọṣẹ kankan bọ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, bàtà obìnrin sì ni.

Nígbà tó di ọdún 1956, Bàbá àgbà ra tẹlifíṣàn fún ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ọmọ lè máa wà nílé. Wọ́n gbé e sórí àga gíga ẹnu ọ̀nà, níbi tí olùtọ́jú máa ń jókòó sí láàárín apá ọkùnrin àti apá obìnrin. Ojú kan ni tẹlifíṣàn ní, apá méjì sì ni ilé ìwẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì ló borí, nítorí náà Bàbá àgbà ṣòfin pé kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ọkùnrin ní ìpele kìíní, kí wọ́n kọ ọ́ sí obìnrin ní ìpele kejì. Bó bá wá kan ìpele kẹta, ogun dé. Àwọn obìnrin a máa fi abọ́ ìwẹ̀ lu ògiri, omi a sì máa tutù, torí ẹni tó ń dáná náà ti wá wòran.

Kí àlàáfíà lè wà, wọ́n ní kí olóògbé gun àpótí, kí wọ́n máa kígbe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òdì kejì ògiri. Ẹbí fẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé tẹlifíṣàn ni olóògbé kọjú sí. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí àwọn obìnrin.

“Ó ti mú un o!” ni wọ́n máa ń kígbe.

Ohùn ọmọbìnrin kan a dáhùn láti òdì kejì: “Níbo ló ti mú un? Ọrùn àbí ẹsẹ̀?”

“Ọrùn ni!”

“Apá wo ló fi mú un?”

“Ta ló ń da ìbéèrè boni báyìí? Apá ọ̀tún!”

“Tokuji, apá òsì lo pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí o ò bá ríran, sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tó lójú gùn ún!”

Fumie, ọmọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń yọ́ irin ní òpópónà kejì, ló ni ohùn náà. Àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 1963. Ìyá wa ní títí di òní, àwọn kò tíì mọ apá tó fi mú un.

Bàbá àgbà ṣaláìsí ní ọdún 1965, ilé ìwẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ olóògbé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ ìwé àgbéyẹ̀wò ìjàkadì olójú ewé kan tí wọ́n pè ní Èjìká Méjèèjì, torí bí èjìká méjèèjì bá kan ilẹ̀, tí rẹfirí sì fọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti dá èèyàn nìyẹn. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìbọ́ṣọ, ẹ̀dà kan fún ọkùnrin, ẹ̀dà kan fún obìnrin. Wọn kì í fún ìjà ní máàkì bíi ti ilé ẹ̀kọ́, bóyá nítorí èsì ìdánwò tí a kò tẹ̀ síbí. Ìgbóná omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìjà tó dára jẹ́ dígírì méjìlélógójì. Èyí tó le koko jẹ́ márùndínláàádọ́ta, wọ́n a sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ wọlé, ẹ má pẹ́.” Èyí tí àwọn méjì kàn ń dì mọ́ra wọn títí agogo fi dún jẹ́ ọgbọ̀n: “Ẹ lọ wẹ̀ nílé yín.”

Ìjà ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1971 la gbọ́dọ̀ sọ yékéyéké, torí Bàbá fúnra wọn ló pa á láṣẹ. Lọ́jọ́ náà, ọmọ ìlú wa, Onizawa Goichi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kojú Buck Haddon ará Texas nínú gbọ̀ngàn ìlú. Bó bá borí, wọn yóò mú un lọ máa jà nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá Tokyo. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ oníjàkadì, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a máa ju ìká bébà aláwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí yóò máa tú lọ lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jù ú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kókó páálí àárín rẹ̀ kúrò, kó má baà ṣe ẹni tó ń yìn léṣe. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Méjìlá, aláwọ̀ búlúù, ni àwọn oníbàárà Kamenoyu fi rán Bàbá. Bàbá fúnra wọn ló ká a. Páálí ọṣẹ ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gé, tí wọ́n ká le dáadáa fi ṣe kókó rẹ̀, òǹtẹ̀ Kamenoyu sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo pọ̀, inú wọn ń dùn, wọ́n sì ń kánjú jù ú. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ka àwọn kókó páálí tó wà lápò wọn. Mọ́kànlá ni.

Èkejìlá ti ba Onizawa lókè ojú òsì kí agogo tó dún. Ó fọwọ́ bojú, gbogbo gbọ̀ngàn sì rò pé omijé ayọ̀ ló ń nù. Haddon dá a mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ kejì, dípò kí Bàbá jẹ́wọ́, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé: “Onizawa wọlé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Omi mọ́kàndínlógún.” Ìwé ìròyìn kan nílùú dà á kọ. Kò pẹ́ tí gbogbo Kawaguchi fi sọ Onizawa di “Mọ́kàndínlógún,” kò sì sẹ́ni tó mú un lọ sí Tokyo mọ́. Ó dùn wá láti kọ èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní ọdún 1976, Onizawa fi ìjàkadì sílẹ̀, ó sì wá wẹ̀ ní Kamenoyu. Ìyá wa ló wà lórí àga gíga. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe rí i báyìí, ńṣe ni wọ́n sá wọ ibi ìdáná, tí wọ́n ní àwọn ń ṣa igi. Epo la fi ń dáná nígbà yẹn. Onizawa tẹ̀ lé wọn débẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá ẹni tí yóò máa bá yín dáná?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń wá èèyàn?”

“Kò sẹ́ni tó sọ. Èmi ni mo ń wáṣẹ́.”

“Bẹ̀rẹ̀ lọ́la.”

Bí Onizawa, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Onizawa, ṣe di ara ilé wa nìyẹn. Bàbá kò pariwo mọ́ wọn rí. Àwa ọmọ ni wọ́n ń pariwo mọ́. Tí a bá se ẹja, ibi tó sanra jù, Onizawa ló ni ín. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bàbá Onizawa a dúró níwájú ìwé àgbéyẹ̀wò tuntun, wọ́n a kà á tán, wọ́n a ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo lẹ máa tún tọdún 1971 kọ?” Òsúkè a sì mú Bàbá lójú ẹsẹ̀. Àwàdà la rò pé àwọn àgbà méjèèjì ń ṣe.

Nígbà tí fídíò dé ilé wa ní ọdún 1984, Bàbá pinnu pé ìjà àtijọ́ nìkan làwọn yóò máa yẹ̀ wò. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún 1979, ijó ni àwọn oníjàkadì ń jó. Àwọn èèyàn láti Hokkaido títí dé Kagoshima ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń wo ìjà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan fún apá, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún rẹfirí, tí wọn kò fọkàn tán rárá. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlá ni gbogbo ìjà tí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ti ọdún 1971, òsúkè.

Olóògbé jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà tó dúró ṣinṣin. Wọn kò pa àdúrà àárọ̀ jẹ níwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi ìrántí ọdún keje Bàbá àgbà, wọ́n sọ fún àlùfáà pé àdúrà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa àmọ́ ó falẹ̀ láàárín. Ogójì ni wọ́n fún un. Ní àdúgbò, wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ panápaná fún ọdún méjìlá. Àwọn náà ni wọ́n máa ń ṣe rẹfirí nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń fa okùn. Àyà ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè rí ilà dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni okùn ti wọ́ wọn lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, opó ayàwòrán kan nílùú rí fíìmù ìjà 1971 nínú àpótí ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e wá fún Bàbá bí ẹ̀bùn. Bàbá dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ní ojú ń dun àwọn. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Bàbá Onizawa gbé ẹ̀rọ mìíràn wá.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi la wò ó ní yàrá ìbọ́ṣọ, gbogbo ẹbí àti àwọn oníbàárà bí ogún. A rí bébà búlúù tó ń tú lójú afẹ́fẹ́. Ó rẹwà. Lẹ́yìn náà la rí ọ̀kan tí kò tú, tó lọ tààrà bí òkúta. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ju búlúù lọ́jọ́ náà. Bàbá dìde, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Onizawa, wọ́n sì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

“Goichi, èmi ni. Èmi ni mo ba ayé ẹ jẹ́, mo sì tún purọ́ mọ́ ẹ.”

Bàbá Onizawa tọwọ́ bàpò, wọ́n mú kókó páálí kan jáde. Òǹtẹ̀ Kamenoyu ṣì hàn ketekete lára rẹ̀.

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ̀ látọjọ́ náà. Orúkọ ilé yín wà lára ẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ̀yin lẹ ń kọ àgbéyẹ̀wò. Mo ń dúró kí ẹ kọ ọ́ ni.”

“Ogójì ọdún?”

“Ibi iná gbóná. Kò síbi tí mo fẹ́ yára lọ.”

Ìyá wa nìkan ni inú bí. “Bàbá Chizuru,” ni wọ́n wí fún Bàbá, “ogójì ọdún lẹ fi ń súkè sí mi létí! Mo ti ń po oògùn fún un!” Òsúkè náà kò padà wá mọ́.

Fún ọdún mẹ́tàlá, Bàbá ń kọ àgbéyẹ̀wò náà, wọ́n ń ya á. Wọn kò rí iye tí wọn yóò fún un. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, lórí ibùsùn, wọ́n ní kí èmi Chizuru mú pẹ́ńsù wá, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ báyìí:

“Kókó páálí mi ba Onizawa lójú kí agogo tó dún. Ojú kan ló fi jà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá, kò sì wí àwáwí kankan. Kò sùn. Èmi ni mo purọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ èmi ni mo ba omi náà jẹ́, n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀n ọ́n. Kí Goichi fúnra rẹ̀ kọ iye rẹ̀ síbí.”

Bàbá Onizawa gba pẹ́ńsù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ mọ́kànlélógójì.

“Kí ló dé tí kì í ṣe méjìlélógójì?” Ohùn Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, àmọ́ àríwísí ṣì wà níbẹ̀.

“Ìjà náà kúrú díẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà pé òótọ́ ni. Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá ni wọ́n fi ayé sílẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ìwé náà ti wà lára ògiri, ẹ̀dà kan fún ọkùnrin, ẹ̀dà kan fún obìnrin.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Fumie, sílẹ̀ sáyé lọ; ọmọ méjì, Chizuru ní Kawaguchi àti Kohei ní Sapporo; ọmọ-ọmọ mẹ́rin; ọmọ ọmọ-ọmọ kan, Hinata, tó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹnikẹ́ni bá dùbúlẹ̀; àti Onizawa Goichi, tí a kò mọ orúkọ tí à bá pè wọ́n bí kì í bá ṣe àbúrò Bàbá.

Bí wọ́n bá ti lu agogo lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí àwọn oníjàkadì ṣe ń dágbére fún òkú, a ó ju bébà búlúù sí ọkọ̀ tó gbé òkú Bàbá bó ṣe ń lọ. Ìdì kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ kókó páálí rẹ̀ kí ẹ tó jù ú. Bàbá Onizawa nìkan ló kọ̀. Wọ́n ti ká bébà tuntun mọ́ kókó ti ọdún 1971, wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ làwọn yóò ṣe jù ú, kí ẹ̀gbọ́n àwọn lè mọ̀ pé àwọn ló jù ú. A ti bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. A ti sọ fún awakọ̀ pé kó gbé gíláàsì sókè.

Bàbá wa, èjìká yín méjèèjì ti kan ilẹ̀, kò sì sí rẹfirí tí ẹ ó máa bá jiyàn mọ́. Kí omi ibẹ̀ gbóná fún yín bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ sùn re o.