Ohun Tí Mo Bá Nínú Ìwé Kọ̀ǹpútà Tí O Kọ̀ Sílẹ̀

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tí kì í gbàgbé ilé,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ọ́fíìsì? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Eyín ṣì ń dun bàbá rẹ díẹ̀díẹ̀, ó ní bó bá fẹ́ kúrò lẹ́nu òun, kó tètè máa lọ. A ò ní gbúròó ibi lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ náà ò ní gbúròó ibi nílé.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ sí wa dé. Mo rí kọ̀ǹpútà tí o ń lò kí o tó ra tuntun, mo rí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ fún un kó lè máa ṣe é, mo sì rí bébà pélébé tí o fi sínú ẹ̀. O ní nǹkan tí o ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ fún ìgbádùn ara rẹ ti sú ọ, pé bí o bá ti ní kó ṣe nǹkan kan, ńṣe ló máa ń ṣe é lọ láìdúró, pé ká gbé e fún ẹni tó bá fẹ́, nítorí o ò ní orí ẹ̀. Háà! Orí tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí nǹkan tó na ọmọ mi.

Onírédíò, ìyẹn ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló bá mi tàn án lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Kọ̀ǹpútà náà ò tíì jókòó dáadáa tó fi gbé ọ̀rọ̀ gígùn jáde, ó ní ṣé mo gbà. Onírédíò ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Mo ní ta ló ń gbà lójú ẹsẹ̀ báyẹn? Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé ọjọ́ náà la dá wọn lóhùn? Mo ní kó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti bàbá rẹ jókòó, a pe àbúrò ẹ̀ sí i, a kà á tán pátá, kò yé wa, a wá gbà.

Àṣé kò le tó bí mo ṣe rò! Bí mo bá ti rán aṣọ díẹ̀, màá ka ojú ìwé kan, màá sì tẹ ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Bí mo bá gbàgbé àmì kékeré tó máa ń pa ọ̀rọ̀ dé, á fi lẹ́tà pupa bá mi wí. Kò bí mi nínú. Ẹni tó rán aṣọ tí kò ta kókó sídìí òwú, kí ló fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun?

Ó wá di ọjọ́ Àìkú, mo ní kó kí mi. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, Ẹ káàárọ̀, Màmá. Inú mi dùn, mo dáhùn. Ó tún kí mi, mo tún dáhùn. Ọmọ mi, kò dákẹ́ mọ́! Ìkíni kún ojú ẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ń sáré lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ọ̀fun mi gbẹ, mo ní kí bàbá rẹ gbà á fún mi, òun náà dáhùn títí eyín fi lé e kúrò níbẹ̀. Onírédíò ní ká yọ wáyà. Mo ní ọmọ ta ló ń pa ẹni tó ń kí i lẹ́nu mọ́? Ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ló tó sinmi, àwa náà sinmi.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí o kọ, pé kì í dúró. Mo ní háà, ibi tó ti na ọmọ mi gan-an nìyí. Mo padà sínú ìwé, mo ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà ojú ìwé bí mo ṣe ń ka íǹṣì lára téèpù. Ogójì. Mọ́kànlélógójì. Mo ṣí i, mẹ́rìnlélógójì! Mo tún un kà, bákan náà ni. Mo fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó nípọn ju àwọn yòókù lọ. Tíì onísúgà, ìwọ ọmọ yìí! O ti da tíì síbẹ̀, ìwé méjì sì ti lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́. Mo mú abẹ tí mo fi ń tú aṣọ, mo rọra là wọ́n. Àárín wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí a ṣe ń sọ fún un pé ó tó. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó kí mi lẹ́ẹ̀meje, ó sì dákẹ́. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ọmọ mi, orí rẹ pé. Ìwé ló dín.

Mo ti fi ìwé náà rán awakọ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yìí ò lọ síbì kankan mọ́ o, èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n ra ìwé tèmi, kí o fi owó wáyà kún un, torí òwú ni Onírédíò fi so èyí tó wà níbẹ̀. Ìwé tí o bá ṣí á yé ọ. Ọ̀nà tó bá dí mọ́ ọ, wàá rí ẹni bá ọ là á. Bí o bá sì tún débi tó le, kọ̀wé sí mi kí o tó bú orí tí mo bí.

Èmi ni, ìyá rẹ aránṣọ, tó ti ka ìwé rẹ dé ojú ìwé ọgọ́ta. Máa bọ̀ lẹ́yìn mi.